Ọ̀rọ̀ Tó Gbó Mọ́ Wa Lẹ́nu

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ní Liverpool kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi kí n tó kúrò nílé, mo sì ti ra kóòtù ọkùnrin kan tó nípọn bí ẹní. Ohun tó dẹ́rù bà mí ni pé láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọṣẹ́, ọ̀gá wa obìnrin wò mí lójú, ó ní ṣé dáadáa ni mo wà. Mo dúró, mo gbé àpò mi sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn: pé orí fọ́ mi díẹ̀ lánàá, pé mi ò rí oorun sùn tó, pé ẹ̀yìn ń dùn mí láti ìgbà tí mo ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú. Kí n tó débi ẹ̀yìn, obìnrin náà ti bá tirẹ̀ lọ. Àṣé ó kàn ń kí mi ni. Kò béèrè nǹkan kan.

Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn la máa ń fọ̀, tí a ó ká, tí a ó sì tò jọ. Inú ibẹ̀ gbóná bí ìdí ààrò, ìta tutù bí inú fìríìjì, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló sì wà láàárín méjèèjì. Ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ ká gbọ́ ara wa, ọwọ́ la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ Bẹ́yẹrúnkà ní Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, níbi téèyàn ò ti lè da omi sẹ́yìnkùlé kí aládùúgbò má sọ ohun tó rò nípa omi náà.

Ọ̀gá wa yẹn tún ní àṣà kan. Gbogbo ẹni tó bá ń bá sọ̀rọ̀ ló ń pè ní olólùfẹ́ rẹ̀. Olólùfẹ́, bá mi gbé agbọ̀n yẹn wá. Olólùfẹ́, o pẹ́ lónìí. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá mi lórí fóònù, ohùn rẹ̀ yí padà.

"Obìnrin ẹgbẹ́ ẹ ló ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Màámi, gbogbo wa ló ń pè bẹ́ẹ̀ o. Tọkùnrin tobìnrin."

"Gbogbo yín? Máa kírun ẹ déédéé."

Ìgbà yẹn, káàdì la fi ń pe ilé. Téèyàn bá ha ẹ̀yìn rẹ̀ tán, tó tẹ nọ́ńbà tó gùn bí okùn, ìdajì àkókò náà á ti bá ìkíni lọ, ìdajì kejì á bá "ṣé ò ń gbọ́ mi?" lọ. Mi ò rí ọ̀rọ̀ gidi kan sọ títí fóònù á fi kú. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ gan-an ò ju ariwo tó wà lẹ́yìn ìyá mi lọ: ẹni tó ń pe ọmọ rẹ̀, ẹni tó ń bú ẹni tó da iyanrìn dí i lọ́nà, ìpè ìrun láti mọ́sálásí, bí àwọn awakọ̀ táksí ṣe ń kígbe "Bẹẹrẹ! Bẹẹrẹ!" lójú títì. Nígbà míì mo máa ń sọ fún ìyá mi pé kó kàn gbé fóònù dání kó má sọ̀rọ̀. Ó rò pé ara mi ò yá.

Nígbà tó yá, èmi àti ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà. Mo máa dúró sí ìdí sítóòfù, mo máa gbé àlùbọ́sà kan sókè, mo máa fi ohùn oníbàárà béèrè iye rẹ̀, mo sì máa fi ohùn ọlọ́jà dá ara mi lóhùn. Mo máa ní ó wọ́n jù. Mo máa ní kí n gbé e sílẹ̀ fún ẹni tó lówó. Èdè àìyedè máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwa méjèèjì tí mo ń jẹ́, a sì máa ń parí ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Mi ò ya wèrè. Mo kàn fẹ́ gbọ́ Yorùbá nínú yàrá tí mo ń sùn ni.

Ọjọ́ kan ọ̀gá wa tún wọlé, ó béèrè ìbéèrè rẹ̀. Èmi náà béèrè tèmi padà bó ṣe yẹ, mi ò dúró, ẹsẹ̀ mi ò yẹ̀. Inú mi dùn títí ọwọ́ fi dilẹ̀. Mo ti gbọ́ èdè wọn. Ìgbà tí mo délé tí mo bọ́ bàtà ni mo wá bú sẹ́kún, nítorí pé ẹni tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn láìdúró ti ń di ẹlòmíì.

*

Ọdún gorí ọdún. Fóònù alágbèéká dé, a bẹ̀rẹ̀ sí í rí ojú ara wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, Àìṣá, tí mo fi sílẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ti dàgbà, ó fẹ́ ṣègbéyàwó. Ó fi àwòrán ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ hàn mí. Ọmọkùnrin náà dára lóòótọ́. Mo pariwo: "Gbà bẹ́ẹ̀! Bòbó yìí wà ńbẹ̀!"

Àìṣá yíjú sẹ́yìn, ó ké sí àwọn àbúrò rẹ̀. "Ẹ wá! Ẹ wá gbọ́ bí Àǹtí ṣe ń sọ̀rọ̀! Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ tún un sọ."

Mo tún un sọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí fóònù fi bọ́ lọ́wọ́ wọn, tí mo fi ń wo àjà ilé wa ní Bẹ́yẹrúnkà.

"Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?"

"Àǹtí, kò sẹ́ni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó dà bí ìgbà tí fíìmù àtijọ́ bá ń sọ̀rọ̀."

Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí wọra. Nígbà tí mo ń bọ̀, mo fi aṣọ sílẹ̀, mo fi ọ̀rẹ́ sílẹ̀, mo fi orí òkè Màpó tí a ti máa ń gba atẹ́gùn sílẹ̀. Mo rò pé èdè nìkan ni mo gbé wá lódindi. Àṣé bí mo ṣe ń pa á mọ́ ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ nílé. Àwọn ọ̀rọ̀ tí à ń sọ láti fi hàn pé ojú wa là, pé àwa kì í ṣe ará oko, ti di ọ̀rọ̀ àwọn ìyá àgbà, èmi ò sì mọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú kí n tó la ẹnu bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀. Yorùbá wá di ohun tí mo ń bẹ̀rù bí mo ṣe bẹ̀rù Gẹ̀ẹ́sì nígbà àkọ́kọ́.

*

Ibi tí mo ti pàdé Bàbá Gàníyù ni ilé ìtajà kan tí wọ́n ti ń ta èlùbọ́ àti epo pupa. Bí mo ṣe ń jáde, ọ̀rá já, iṣu yí lọ sí àárín títì, epo dà sí mi lẹ́sẹ̀.

"Yéè, mo wọ gàù! Kí ni mo fẹ́ se báyìí?"

Ohùn kan wá láti ẹ̀yìn. "Ọmọ Ìbàdàn, rọra."

Mo yíjú padà. Bàbá arúgbó kan ni, ó fi ọ̀pá tilẹ̀, ó wọ kóòtù dúdú tó mọ́ tónítóní.

"Ẹ ò rí mi rí, Bàbá. Báwo lẹ se mọ̀?"

"O ní 'se'. Ọmọ Ìbàdàn lè gbàgbé ọ̀nà ilé bàbá ẹ̀, sùgbọ́n ahọ́n ẹ̀ ò ní yí 'se' padà. Àdúgbò wo?"

"Bẹ́yẹrúnkà, sà."

Ó ṣí fìlà. Ní àárín títì, nínú òjò wínníwínní, ó ṣí fìlà rẹ̀ nítorí Bẹ́yẹrúnkà. "Èmi, Ìsàlẹ̀ Òsì ni. Ilé Alágbẹ̀dẹ."

Bàbá ti dé Ìlú Ọba, bó ṣe máa ń pè é, kí wọ́n tó bí mi. Káfíńtà ni, inú ọkọ̀ ojú omi ló ti ń kan pákó títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó fẹ́ òyìnbó, ìyàwó náà ti kú, wọn ò bímọ. Láti ọjọ́ náà, mo ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi mi. Mo máa ń ro ọkà fún un, òun á sì máa sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ń mú kí n padà wá. Èmi tí ọmọ kékeré ń fi ọ̀rọ̀ àtijọ́ mi ṣe yẹ̀yẹ́, mo wá rí ẹni tí ọ̀rọ̀ tèmi jẹ́ tuntun létí rẹ̀. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni Bàbá ń pe rédíò, nítorí pé yóò máa sọ tirẹ̀ lọ, kò ní í dúró gbọ́ èsì rẹ. Ẹni tó bá so táì mọ́ ọrùn, akọ̀wé ni, ì báà jẹ́ awakọ̀. Bí mo bá wọ aṣọ tó dára, á ní mo ń ṣe fáàrí. Tó bá sì fẹ́ yìn mí dáadáa, á ní mo lajú. Mo gbọ́ irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn kẹ́yìn lẹ́nu ìyá tó bí ìyá mi. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé tuntun, tí ọkọ́ wá kan ilẹ̀ ilé kan tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó ṣì dán, tó ń kọ mọ̀nà. Mo máa ń jókòó síwájú rẹ̀ bí ọmọ ilé kéwú.

"Bàbá," mo bi í nígbà kan, "nígbà tí ẹ fẹ́ wá síbí, kí làwọn èèyàn ń sọ?"

"Wọ́n ní, 'Gàníyù ń lọ sí Ìlú Ọba.' Bí wọ́n bá ti wí bẹ́ẹ̀, ẹni tó jókòó á dìde."

*

Fàrídà ló mú wa di mẹ́ta. Ọmọ Òjé ní Ìbàdàn náà ni, ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ níbẹ̀. Ó wá kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó sì ń bá wa ká aṣọ ní ilé ìfọṣọ lópin ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ kan ẹ̀rọ ńlá kan takú, mo fi ọwọ́ gbá a níbi tí mo mọ̀, ó sì ṣiṣẹ́. Fàrídà kígbe: "Ọmọ! Àǹtí, ìdán ni yín!"

Mo ní, "Ta ni ọmọ? Ta ló ń pidán?"

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì ṣàlàyé. "Ọmọ" yẹn, kò pe ọmọ kankan, ìyanu ló ń fi hàn. Ìdán, ẹni tí nǹkan kì í ṣòro fún ni. Mo ní kó máa tẹ̀ lé mi lọ sọ́dọ̀ Bàbá. Ó tẹ̀ lé mi, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ọjọ́ kan, ó wọlé pẹ̀lú ojú pípọ́n, ó jókòó sídìí tábìlì, ó bú sẹ́kún.

Bàbá dìde. "Ta ló lù ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó lù mí, sà. Wọ́n fún mi ní bírékífáàsì ni."

Bàbá wò mí. Èmi náà wò ó. Ó rọra jókòó padà. "Oúnjẹ àárọ̀ ló pa ọ́ lẹ́kún tó yìí? Kí ni wọ́n fi sí i?"

Ẹ̀rín bọ́ mọ́ Fàrídà lẹ́nu láàárín ẹkún. Ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tó wà nílé ló ti ránṣẹ́ sí i pé òun ti rí ẹlòmíì. Bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ṣe ń wí nìyẹn: ẹni tí olólùfẹ́ rẹ̀ bá kọ̀ sílẹ̀, wọ́n ti fún un lóúnjẹ àárọ̀.

"Ó já ọ kulẹ̀," ni Bàbá wí. "Nígbà tiwa, ó já ọ kulẹ̀ la ó wí." Ó mú ọsàn kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o fún un díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe nà án sí i, ó ní, "Ọlọ́un ò ní í jẹ́ kóun náà rí oúnjẹ alẹ́ jẹ."

Fàrídà gbé orí lé tábìlì, ó rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Mi ò mọ ìgbà tí ẹkún náà dá.

Mo bi òun náà ní ìbéèrè tí mo bi Bàbá: nígbà tó fẹ́ wá, kí làwọn èèyàn sọ? Ó ní, "Wọ́n ní mo fẹ́ jàpa."

Gbólóhùn yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Bàbá lọ sí Ìlú Ọba. Tèmi, wọ́n ní mo ti sọdá, bí ẹni tó kàn gba òdìkejì títì lọ, tó sì lè sọdá padà. Fàrídà jàpa, ó já bí ẹran tó já okùn, tó ń sáré láìwẹ̀yìn. Ìlú kan náà la ti wá, láti Ìsàlẹ̀ Òsì sí Bẹ́yẹrúnkà sí Òjé kò ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ. Ilẹ̀ kan náà la sọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sìn wá jáde yàtọ̀, mo sì ń rí i lára wa pé ọ̀rọ̀ náà ṣì ń ti ẹni kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀yìn. Bàbá ṣì ń wọ kóòtù bí ẹni tí ọba fẹ́ ránṣẹ́ pè. Fàrídà ò lè sùn kó má lálàá pé wọ́n ń lé òun. Èmi, láti ọjọ́ yìí wá, mo ṣì dúró láàárín títì.

*

Ọjọ́ Iléyá kan, lẹ́yìn oúnjẹ, Bàbá ní òun ní àbúrò obìnrin kan, Àdùkẹ́. Àwọn méjì péré ni ìyá wọn bí. Nígbà tí bàbá wọn kú, àwọn ẹbí tú ká, àwọn tó ń bá a gbé ìròyìn kú lọ́kọ̀ọ̀kan, kò gbúròó rẹ̀ mọ́. "Mo ti ń se àdúà fún un pẹ̀lú àwọn òkú. Àgbà ni. Kò lè sí láyé mọ́."

Fàrídà bọ́ sí ìta, ó pe ìyá rẹ̀. Obìnrin tó ń ta aṣọ ní Òjé, bí kò bá mọ ìdílé kan, ẹni tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ á mọ̀ ọ́n. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ìyá rẹ̀ ti ránṣẹ́ padà: obìnrin náà wà láàyè, ilé ọkọ rẹ̀ ní Pópó Yemọja ló wà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti fọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú la pè é. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ló gbé fóònù. Ọmọ náà kí wa, àmọ́ ó le koko. "Ẹ má bínú o. Ẹnì kan ti pè wá bẹ́ẹ̀ rí, ó ní ẹbí wa tó wà lókè òkun lòun. Ó lù wá ní jìbìtì. Màmá ń gbọ́ yín o, ẹ máa sọ̀rọ̀."

Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù náà mú. "Àdùkẹ́, èmi ni. Gàníyù ni."

Ohùn tó dáhùn gbẹ, ó sì mú bí abẹ. "Gàníyù wo?"

"Gàníyù Àlàó. Ọmọ ìyá ẹ."

"Gàníyù ti kú sẹ́yìn odi. A ti se fídáù ẹ̀ tipẹ́."

Èmi àti Fàrídà wo ara wa. Láti ọdún wọ̀nyí wá, ẹnì kìíní ń gbàdúrà fún ẹnì kejì láàárín àwọn òkú.

Bàbá dárúkọ bàbá wọn. Ó dárúkọ ìyá wọn, ó dárúkọ Ilé Alágbẹ̀dẹ. Obìnrin náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. "Orúkọ ò sòro fún olè," ló wí. "Ohùn Bùọ̀dá mi kì í se báyìí. Ohùn Bùọ̀dá mi ń dún bí agogo. Ohùn òyìnbó ni mò ń gbọ́ yìí."

"Mo ti darúgbó ni, Àdùkẹ́."

"Ẹ lọ bá ará ibòmíì. Ẹ fi òkú wa sílẹ̀."

Bàbá ò bínú. Ó na fóònù sí mi, ó ní kí n pa á. Mi ò tíì rí ojú èèyàn tó rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti gbé ìka sókè láti pa á nígbà tí ohùn obìnrin náà tún jáde, kíákíá, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń ka nǹkan lórí:

"Taga lógó fọ́gọ́ kògòkògò?"

Mo rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ṣùgbọ́n Bàbá ti dìde láìmú ọ̀pá. Ẹnu rẹ̀ ṣí. Nígbà tó dáhùn, kì í ṣe ohùn tí mo mọ̀ ni.

"Egewúgúrẹ́gẹ́ nigi!"

Lọ́hùn-ún, igbe kan bẹ́ jáde, mi ò lè sọ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín.

"Igirọ́gọ́ nigi! Ìgìwọgọ nigi! Ìgìwọgọ nigi!"

Ẹ̀nà ni. Ìyá tó bí ìyá mi ti sọ fún mi rí pé àwọn ọmọ ìgbà tiwọn ní èdè kan tí wọ́n ń fi sọ̀rọ̀ tí àgbà bá jókòó tì wọ́n. Wọ́n á já ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, wọ́n á sì fi gà, gọ̀ tàbí gì ṣe ìrù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìró rẹ̀ bá ṣe rí: "wá" á di "wágá", "lọ" á di "lọgọ". Ta ló fọ́ kòkò? ni obìnrin náà béèrè. Ewúrẹ́ ni, ni Bàbá dáhùn. Irọ́ ni, ìwọ ni! Bàbá wá ṣàlàyé fún wa lẹ́yìn náà pé òun ló fọ́ kòkò ìyá wọn, pé Àdùkẹ́ nìkan ló rí i, pé ewúrẹ́ ilé ni àwọn méjèèjì di ẹ̀bi náà rù, wọ́n sì mú àṣírí náà dàgbà.

Ṣùgbọ́n ní àkókò yẹn kò ráyè ti àlàyé. Àwọn méjèèjì ń sọ ẹ̀nà lọ, ó ń tú jáde bí omi ẹ̀rọ tó là, ó ń yára sí i, ẹnì kan ò dúró de ẹnì kejì. Mo ń gbìyànjú kí n mú ọ̀rọ̀ kan nínú ẹ̀, ó ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Arúgbó méjì ni o. Òkun àti aṣálẹ̀ wà láàárín wọn, ọ̀kan ò ríran, èkejì ò lè gun àtẹ̀gùn. Mo sì gbọ́ ọmọdé méjì ní ẹ̀yìnkùlé kan ní Ìsàlẹ̀ Òsì, tí wọ́n ń fi àgbàlagbà ṣe ẹlẹ́yà. Mo jókòó sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì.

Fàrídà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló rí sọ.

"Ọmọ!"

Ó yé mi lọ́jọ́ náà. Kò sí ọ̀rọ̀ míì tó lè sọ ọ́.

Mo wá ń ronú nígbà tí mo ń lọ sílé. Mo ti rò pé àwọn ọmọ bíi Àìṣá ń ba èdè jẹ́, pé tiwa ló gún régé. Bẹ́ẹ̀ Bàbá tí mò ń bọ bí olùkọ́, tí mo rò pé Yorùbá àwọn bàbá ńlá ló wà lẹ́nu rẹ̀, ti fìgbà kan jẹ́ ọmọ aláìgbọràn tó ń lọ́ ọ̀rọ̀ po kí ìyá rẹ̀ má bàa gbọ́. Ó dájú pé ẹnì kan ní Ilé Alágbẹ̀dẹ ti mi orí nígbà náà, tó ní àwọn ọmọ wọ̀nyí máa ba èdè jẹ́. Nígbà tí mo délé, mo pe Àìṣá. Mi ò ronú kí n tó sọ̀rọ̀. Mo ní kó kọ́ mi ní ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ tiwọn, ó sì ní òun á gba ọ̀kan nínú tèmi.

*

Bàbá ní òun ń lọ sílé. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, mo sìn ín lọ.

Nínú táksí, láti ìgbà tí a ti wọ Ìbàdàn, ó fi iwájú lé gíláàsì, ó ń wá nǹkan kan tí kò rí. Kò mọ Bẹẹrẹ mọ́. Ìgbà tí gbọ̀ngàn Màpó yọ lókè, tòun ti òpó rẹ̀, ló tó mí kanlẹ̀. Èmi ń dárí awakọ̀, mo ń sọ fún un pé kó yà níbí, pé ojú ọ̀nà yìí wà ńbẹ̀. Ọmọkùnrin náà wò mí nínú dígí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ ti pẹ́ lọ́hùn-ún o, Màámi. Ìyá mi ló máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí."

"Sé wọ́n ń gbádùn ayé wọn?"

"Wọ́n ń gbádùn ẹ̀ gan-an, mà."

"Bá mi kí wọn," ni mo wí, kò sì dùn mí.

Ilé náà wà nísàlẹ̀ ọ̀nà tóóró kan ní Pópó Yemọja, táksí ò lè wọ ibẹ̀. A fẹsẹ̀ rìn. Àdùkẹ́ ti jókòó sójúde, ó ń dúró dè wá, ó kéré, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀, ó wé ìborùn funfun. Ó gbọ́ ìró ọ̀pá, ó dìde. Mo rò pé wọ́n tún máa sọ ẹ̀nà, ṣùgbọ́n ńṣe ni Àdùkẹ́ na ọwọ́ títí ó fi kan ojú Bàbá, ó fi ìka wá iwájú rẹ̀, ó wá imú, ó wá etí méjèèjì, ó sì di etí náà mú.

"Ẹ gbẹ," ló wí. "Wọn ò fún yín lóúnjẹ níbẹ̀."

Omi ń bọ́ lójú Bàbá, ó ń kán sí àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́. Àdùkẹ́ kàn di ọwọ́ Bàbá mú, ó yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á wọlé. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ṣú, òòrùn sì ti ń pa wá lójú láti òwúrọ̀, nítorí náà Bàbá ò rí ibi tó ń tẹ̀. Obìnrin tí kò ríran ló ń ṣíwájú, kò sì kọsẹ̀.

"Ẹ rọra o, Bùọ̀dá, àtẹ̀gùn kan ń bọ̀. Ẹ ti gùn ún. Ẹ tẹrí ba báyìí, ẹnu ọ̀nà yìí kúrú."

Bàbá tẹrí ba. Òkùnkùn ilé gbé wọn mì, ìró ọ̀pá ń lọ díẹ̀díẹ̀. Èmi dúró lójúde pẹ̀lú àwọn àpò, mi ò mọ̀ bóyá iṣẹ́ mi ti parí. Àwọn aládùúgbò ń wò mí láti ojú fèrèsé. Mo gbọ́ ohùn obìnrin náà láti inú yàrá tó jìnnà.

"Ẹni tó sìn yín wá dà? Sé ìta ló fẹ́ dúró sí ni? Ẹ ní kó wọlé jàre, ilé ẹ̀ ni."

Mo gbé àwọn àpò náà. Mo tẹrí ba, mo wọlé.